Àpótí Tí Bàbá Rẹ Kò Jókòó Lé

Ẹyinjú mi, ọmọ kan ṣoṣo tí mo pọ̀n sẹ́yìn,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Ṣé òrùlé yín kò jò mọ́, ṣé iṣẹ́ ń gbè yín? Mo bẹ Ọlọ́run kí ó máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé yín, kí ẹsẹ̀ rẹ má ṣe kọ nínú ìlú ńlá yẹn, kí àárẹ̀ tí yóò máa mú ọ má ju èyí tí oorun lè wò sàn lọ. Àmín. Tí o bá rí i pé lẹ́tà mi wọ́ níhìn-ín lọ́hùn-ún, má bínú, orí tábìlì iṣẹ́ bàbá rẹ ni mo ti ń kọ ọ́, igi rẹ̀ kò sì tẹ́jú mọ́ níbi tí ayùn ti jẹ ẹ́. Mi ò lè kọ ọ́ nínú ilé. Nínú ilé, àga rẹ̀ dojú kọ mí.

Èmi náà wà, mo dúpẹ́. Orúnkún mi ṣì ń ṣe bó ṣe ń ṣe, ó ń dùn mí láàárọ̀, ó ń sinmi lọ́sàn-án bí òṣìṣẹ́ ìjọba. Adìẹ funfun yẹn ti pa ọmọ mẹ́jọ, ó ń fi ẹnu ṣá gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí bàbá rẹ ní òun yóò tún ṣe ṣì ń dún, àwọn kan ti wá láti bá mi tún un ṣe, mi ò gbà fún wọn. Jẹ́jẹ́ ní kí n kí ọ. O ò ní gbàgbé Jẹ́jẹ́, awakọ̀ wa àtijọ́ tí a fi ìwà wíwa bọ́ọ̀sì rẹ̀ sọ lórúkọ. Ojú rẹ̀ ti lọ pátápátá báyìí, iwájú ilé rẹ̀ ló ń jókòó sí, tó ń fi etí wo mọ́tò tó bá ń kọjá, yóò ní èyí ń ṣàìsàn, èyí kò ní pẹ́ láyé.

Ó máa ń ṣe mí bíi kó ṣì máa wakọ̀. Nígbà tirẹ̀, a kì í sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà, iwájú ilé wa ló ti ń gbé wa, àárín ìlú ńlá ló ń já wa sí. Bí bọ́ọ̀sì rẹ̀ bá kọṣẹ́ sọ́nà ńkọ́, yóò sọ̀kalẹ̀, yóò di ọwọ́ èèyàn mú, yóò mú un lọ bá awakọ̀ mìíràn, yóò ní bàbá òun nìyí, òun fi í lé e lọ́wọ́, ibi báyìí ni kó já a sí, tó bá sọ ọ́ nù, òun àti ẹ̀ ni. Awakọ̀ kejì yóò dáhùn pé òun ti gbà á. Ìgbà tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ tó máa ń gbé ẹsẹ̀ sókè wọ mọ́tò. Ọgbọ̀n ọdún la fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fi ìyẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ adìẹ ni mo torí ẹ̀ mú gègé. Lọ́jọ́ tí a sin bàbá rẹ, o kò sunkún. O dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ, o sọ fún mi pé bàbá yí padà lójú ọ̀nà, o sì lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí o fi sílẹ̀ fún mi nìyẹn, mo sì ti ń bá a sùn, mo ń bá a jí, láti ọjọ́ náà.

Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí o mú ọkọ rẹ wá sílé, tó jókòó kí bàbá rẹ tó ní kó jókòó, bàbá rẹ ní òun kò ní fi ẹsẹ̀ òun tẹ ilé ọkùnrin náà láyé. Ojú gbogbo wa ló ti sọ ọ́. Ọdún méjì gbáko ni kò fi bá ọ sọ ju báwo ni lọ. Àfi ọjọ́ tí o pè, tí èmi wà lẹ́yìnkùlé, tó jẹ́ òun ló gbé fóònù, tí o sọ fún un pé ẹ̀yìn ń dùn ọ́, pé ìdúró lo fi ń dáná, pé o ti wá ìjókòó kúkúrú bíi ti ìgbà kékeré rẹ káàkiri ìlú, o ò rí i. O kò bẹ̀ ẹ́ pé kó wá. Ẹ̀yìn rẹ lo sọ. Lọ́jọ́ kejì, kí n tó fọ ojú ni mo ti ń gbọ́ ìró ayùn.

Ó fi ọjọ́ mẹ́ta kan àpótí náà, ó fi ọjọ́ mẹ́rin dán an, títí mo fi bi í pé ṣé ìdí ni wọ́n fẹ́ gbé lé e ni àbí wọ́n fẹ́ máa wo ojú wọn nínú rẹ̀. Ó ní kí n fi ẹnu mi sílé. Ìgbà tó parí rẹ̀ ló ní kí n pè ọ́, kí n sọ fún ọ pé òun ń bọ̀ ní Ọjọ́rú. O ké lórí fóònù débi pé mo gbé e kúrò létí. Orúnkún mi kò jẹ́ kí n bá a lọ, ìyẹn ni mo fi ń bá ara mi jà. Mo ní kó mú fóònù dání. Ó ní fóònù ilé ni, kì í ṣe ti ojú ọ̀nà, tí òun bá gbé e kúrò tí o sì pè, ìpè rẹ yóò wá bá ilé òfìfo. Èmi náà rí i pé òótọ́ ló sọ, mo sì gbé e padà sórí tábìlì.

Ìyókù, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. O dúró sí ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń parí ìrìn rẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi tutù. O pè mí lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ní ìrọ̀lẹ́, ó wọlé dé bá mi, àpótí rẹ ṣì wà lábẹ́ apá rẹ̀ nínú aṣọ aláwọ̀ ewé tí mo fi wé e. Mo ní kí ló dé? Ó ní ọ̀nà kò gba òun. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ni mo sọ ìyókù fún un. Mo ní orí kunkun ni, mo ní agídí rẹ̀ ló tún dìde láàárín ọ̀nà, mo ní ṣé ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo máa ṣe bí ọmọ tí kò ní bàbá nígbà tí òun wà láàyè ni. Mo sọ ọ́ ní ilé ìdáná, mo tún sọ ọ́ lórí ibùsùn. Ó kọjú sí ògiri. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni àyà tó ń dùn ún mú un lọ, kò sì dá mi lóhùn títí tó fi lọ.

Wàyí o, ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá sí ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé èrò níwájú ilé wa. Ó so káàdì mọ́ ọrùn, ó gbá fọ́ọ̀mù mọ́ àyà bí ọmọ ìkókó. Ó ní iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ló rán òun, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó tẹ́ àwa èrò lọ́rùn láti máa sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kan kí á wọ òmíràn kí á tó dé ibi tí à ń lọ. Mo ní kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ó ní kí n ṣe sùúrù, ìbéèrè náà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo gbé àga fún un, mo fún un lómi, mo lọ fọ ọwọ́ mi, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìjọba yóò bi mí léèrè nǹkan.

Ó bi mí pé ìṣẹ́jú mélòó ni mo lè fara dà láti dúró de bọ́ọ̀sì kejì. Mo ní ọ̀dọ̀ ta ni bọ́ọ̀sì náà ń gbé mi lọ? Ó ní ìyẹn kò sí nínú ìbéèrè. Mo ní ó yẹ kó wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni, mo lè dúró títí wọn yóò fi wá gbá ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ yẹn ni, ìṣẹ́jú mẹ́ta ti pọ̀ jù. Ó ronú, ó kọ ogún ìṣẹ́jú. Ó ní tí wọ́n bá ṣe òrùlé síbẹ̀ ńkọ́? Inú mi dùn pé wọ́n fẹ́ kọ́lé fún wa, mo ní kí wọ́n ṣe ìjókòó tó ní ẹ̀yìn sí i, mo fi apá mi wọn bí ẹ̀yìn náà ṣe gbọ́dọ̀ ga tó fún ọkùnrin tó bá ga bíi bàbá rẹ. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó rántí. Mi ò sì ní kó pa á rẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí n fún ọ̀rọ̀ náà ní máàkì, láti orí oókan dé orí aárùn-ún. Oókan ni pé mi ò fẹ́ rárá, aárùn-ún ni pé tọkàntọkàn ni mo fẹ́. Mo sọ fún un pé tísà wa ìgbà náà lọ́hùn-ún kì í fún ẹnikẹ́ni ní márùn-ún nínú márùn-ún, ó ní ti Ọlọ́run ni. Mo fún un ní méjì, mo sì jẹ́ kó mọ̀ pé nínú méjì náà, àánú rẹ̀ ló mú mi fi ọ̀kan kún un, nítorí ó ti rìn nínú oòrùn.

Ó wá ń ka oríṣiríṣi ìdí sí mi létí. Ṣé ìdúró ni mi ò fẹ́, ṣé ìrìn ẹsẹ̀ ni, ṣé òjò ni, ṣé ẹ̀rù olè ni, àbí ìdí mìíràn? Mo ní ìdí mìíràn ni. Ó ní kí n sọ ọ́. Mo ní èmi kò mọ̀ ọ́n, ọkọ mi ló mọ̀ ọ́n, ó dé ìkóríta tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì kejì, ó padà wálé, ó sì kú láìsọ fún mi. Ọmọbìnrin náà gbé gègé rẹ̀ sókè kúrò lórí ìwé. Ó ní ìkóríta yẹn gan-an ló kàn tí òun ń lọ. Mo ní kó dúró kí n wọ bàtà.

Nínú bọ́ọ̀sì, awakọ̀ wà lẹ́yìn gíláàsì. Mo kí i, kò dáhùn. Mo tún kí i. Ọmọbìnrin náà ní kò lè gbọ́ mi. Mo ní kí ló ṣe tí wọ́n fi fi í sínú ìgò? Ó ní nítorí ààbò ni, mo sì káàánú ọkùnrin náà. Ó fi àwòrán ọ̀nà hàn mí lórí fóònù rẹ̀, àmì róbótó kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ojú ọ̀run ń rìn lórí rẹ̀, ó ní àwa nìyẹn. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè díẹ̀ láti wò ó bóyá yóò mọ̀. Kò mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ìkóríta, àmì náà dúró, àwa náà dúró, mo wá gbà pé àwa ni lóòótọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi wo inú rẹ̀ dáadáa, bóyá àmì mìíràn wà tó jókòó síbẹ̀ láti bí oṣù mẹ́ta. Ó wò ó, kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní kò sí, Màmá, àwọn tó bá mú fóònù dání nìkan ló ń hàn. Mo ní háà. Mo ní ó fi tiwa sílẹ̀ lórí tábìlì.

Ìkóríta náà kò ju òpó kan lọ, àti ìjókòó onísìmẹ́ńtì tó gba èèyàn mẹ́rin, àti aránbàtà kan lábẹ́ agbòòrùn. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn èrò ní ìbéèrè rẹ̀. Ọ̀kan ní òun kò ráyè, bẹ́ẹ̀ sì ni kò ṣe nǹkan kan. Obìnrin kan ní tí ìjọba bá fẹ́ mọ bí ìdúró ṣe rí, kí wọ́n wá bá òun dúró, àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Èmi lọ bá aránbàtà. Mo ní ṣé ó rántí bàbá kan tó ga, tó mú nǹkan tí a fi aṣọ aláwọ̀ ewé wé dání.

Ó fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ṣé bàbá alápòótí? Ó ní kí n dárí ji òun, òun fi í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ìjókòó kún nígbà tó dé, bàbá náà sì dúró, aṣọ ti ṣí lára àpótí náà, ni òun bá sọ fún un pé ẹ̀yin bàbá yìí, ẹ gbé ìjókòó dání, ẹ wá ń dúró bí òpó, ta lẹ gbé e fún? Bàbá rẹ ní ọmọ òun ló ni ín, òun kò sì fẹ́ kí ìdí kankan kan án ṣáájú tirẹ̀. Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní ó mà dára o, bí ìtẹ́ ọba. Aránbàtà ní bàbá náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó tún aṣọ náà wé.

Bọ́ọ̀sì kan dé, ó lọ. Òmíràn dé, ó lọ. Aránbàtà ní níbo ni bàbá ń lọ gan-an? Bàbá rẹ sọ fún un. Ó ní bọ́ọ̀sì yín mà ló lọ yẹn. Bàbá rẹ ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n awakọ̀ tó gbé òun wá kò tíì wá fi òun lé awakọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, òun kò lè ṣàdédé gun mọ́tò ẹni tí kò gba òun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọn yóò rò pé òun kò ní ará. Aránbàtà ní òun rò pé àwàdà ni. Awakọ̀ àkọ́kọ́ ti yí bọ́ọ̀sì rẹ̀ padà lọ tipẹ́, bàbá rẹ sì ń wo ọ̀nà tó gbà lọ. Bọ́ọ̀sì márùn-ún ló kọjá lójú rẹ̀. Nígbà tí ìkarùn-ún lọ, ó ní kí aránbàtà bá òun kí ará ilé rẹ̀, ó sọdá títì, ó wọ èyí tó ń padà bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, nítorí ní ọ̀nà ìhín, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ mi, kò yí padà nítorí rẹ. Ó ń dúró kí wọ́n fi òun ránṣẹ́ sí ọ bí wọ́n ṣe máa ń fi èèyàn ránṣẹ́. Òun tó kan òrùlé ilé ìwé tí o lọ, báwo ni ì bá ṣe sọ fún mi pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì? Ó gbà kí n pe òun ní olórí kunkun. Mo sì pè é bẹ́ẹ̀, mo pè é bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan wà tí mo bá nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, mo ti ń tọ́jú rẹ̀ láìmọ ohun tó jẹ́. Mo yọ ọ́ fún ọmọbìnrin náà. Ó ní bọ́ọ̀sì méjèèjì ló wà lórí ìwé yìí. Ẹ̀rọ ti lu ihò sí apá àkọ́kọ́. Kò sí ihò lára apá kejì. Ó ní láti ilé wa títí dé ibi tí o dúró sí ni bàbá ti san lọ́jọ́ náà. Mo fi í há inú lẹ́tà yìí, fi ọwọ́ rẹ pa apá kejì, wàá rí i bó ṣe jọ̀lọ̀. Ó tún kà lára rẹ̀ pé àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú péré ló fi ń ṣiṣẹ́. Mo bi í bóyá a lè bẹ iléeṣẹ́ wọn kí wọ́n fi kún un, nítorí ẹni tó ni ín kò sí nílé. Ó ní òun yóò béèrè.

Mo ní kó kọ fọ́ọ̀mù kan fún bàbá rẹ. Ó ní Màmá, fọ́ọ̀mù yìí kò gba ẹni tó ti lọ. Ó wo tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó wò mí, ó sì fa ewé tuntun yọ. Níbi ìdí mìíràn, ìlà kan péré ni wọ́n fà síbẹ̀; ó kọ ọ́ títí ó fi yí ẹ̀yìn ìwé, pé kò sí ẹni tó fi bàbá lé awakọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tó dé ibi máàkì, ó ní mélòó ni kí òun kọ? Mo ní márùn-ún. Ó ní Màmá, ṣebí ẹ ní ti Ọlọ́run ni? Mo ní kọ márùn-ún síbẹ̀.

Ní báyìí, ohun tí mo ń tọrọ. Ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, màá wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀ níwájú ilé wa. Màá mú àpótí rẹ dání. Jẹ́jẹ́ ní òun yóò jáde lọ́jọ́ náà, òun kò ríran ṣùgbọ́n òun yóò máa kan gíláàsì awakọ̀ yẹn, òun yóò máa sọ pé ìyá òun nìyí, òun kò sì ní kúrò níwájú bọ́ọ̀sì títí yóò fi dáhùn pé òun ti gbà mí. Màá sọ̀kalẹ̀ ní ìkóríta. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n mi mọ. Mo mọ̀ pé láti ilé rẹ, bọ́ọ̀sì méjì ni ìwọ náà ń wọ̀ kí o tó dé ìkóríta, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ń bẹ, ọmọbìnrin náà sì ní ọ̀pọ̀ èèyàn ìlú ńlá ló ń fún ọ̀rọ̀ yìí ní oókan, mi ò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n tí o bá lè wá, wá gbà mí. Má wulẹ̀ bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, inú ìgò ló wà. Ọwọ́ mi nìkan ni kí o dì mú. Kí ọkọ rẹ bá ọ wá tó bá ráyè, kó jókòó níbi tó bá wù ú, kò sí ẹni tí yóò bínú sí i mọ́.

Ní ti owó, mi ò ní parọ́, mo nílò díẹ̀, òróró tí mo fi ń pa orúnkún ti tán. Ṣùgbọ́n má fi ránṣẹ́ sí báńkì. Ọmọ tó wà níbẹ̀ ní kí n yan nọ́ńbà àṣírí kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mọ̀, mo sì pa á mọ́ débi pé èmi náà kò mọ̀ ọ́n mọ́. Fi owó oṣù yìí wọ bọ́ọ̀sì wá. Tó bá ṣẹ́ kù, ra òróró náà dání.

Níbikíbi tí o bá ti sọ̀kalẹ̀ láyé, wàá bá ẹni tí yóò gbà ọ́ níbẹ̀. O kò ní dúró láàárín èrò kí wọ́n ṣe bí ẹni pé o ò ní ará. Ẹ̀yìn rẹ kò ní dùn ọ́ mọ́. Bàbá rẹ kò bínú sí ọ, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ sì ni ẹ̀rí rẹ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, lórí tábìlì bàbá rẹ.

Tí ìjókòó bá kún kí o tó dé ìkóríta, má jẹ́ kí ọkàn rẹ dàrú. Mi ò ní jókòó lé àpótí náà. Màá dúró.